Ẹnu oníkàn la ti ń gbọ́ pọ̀ún: ‘feel’ tí Òyìnbó ń wí kò tó fún ìyá àgbà tó ń ṣàìsàn

Ọ̀rọ̀ kékeré kan wà nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn ọmọ máa ń kọ́ láti ìgbà tí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́. ‘Feel’ ni ọ̀rọ̀ náà. Bí ebi bá ń pa Òyìnbó, ‘feel’ ni yóò lò. Bí òtútù bá mú un, ‘feel’ náà ni. Bí inú rẹ̀ bá dùn, bí inú rẹ̀ bá bàjẹ́, bí ojú bá ń tì í, bí oorun bá ń kùn ún, bí ó bá fọwọ́ kan aṣọ láti mọ̀ bóyá ó ti gbẹ, ọ̀rọ̀ kan náà yìí ló ń ru gbogbo ẹrù wọ̀nyí. Láyé àtijọ́, fífi ọwọ́ kan nǹkan ni ìtumọ̀ rẹ̀ gan-an. Nígbà tó yá, ó gba gbogbo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara àti ọkàn èèyàn mọ́ra.

Yorùbá kò ní irú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe pé nǹkan kì í ṣe Yorùbá lára o. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé èdè náà fún nǹkan kọ̀ọ̀kan ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ebi ń pa mí. Òùngbẹ ń gbẹ mí. Òtútù ń mú mi. Oorun ń kùn mí. Ojú ń tì mí. Ẹ̀rù ń bà mí. Bí èèyàn bá fara balẹ̀ wo gbólóhùn wọ̀nyí, yóò rí i pé ẹni tí nǹkan ń ṣe kọ́ ló ṣáájú. Nǹkan tó ń ṣe é ló ṣáájú. Òtútù ló ń mú èèyàn, èèyàn kọ́ ló ń mú òtútù. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé bí àgbà bá rí ọmọdé tó fajú ro, ohun tó máa ń bi í ni pé, “Kí ló ń ṣe ọ́?” Yorùbá sì bọ̀, wọ́n ní àrùn tó ń ṣe ogójì ló ń ṣe ọ̀ọ́dúnrún, ohun tó ń ṣe Abọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe.

Ẹnìkan lè ní ọ̀rọ̀ àwọn olùkọ́ èdè lásán nìyí, kí ló kan àgbẹ̀ tàbí ìyá oníṣòwò nínú rẹ̀? Ó kàn wọ́n gan-an. Ọjọ́ tó máa ń kan èèyàn jù ni ọjọ́ tí ara kò bá yá, tí dókítà jókòó síwájú, tí ẹni tó wà láàárín dókítà àti aláìsàn sì jẹ́ ọmọdé tí kò gbọ́ Yorùbá dénú.

Àpẹẹrẹ Bàrígà dára láti wò. Àdúgbò ńlá ni ní Èkó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ṣómólú àti Àkókà, ó sì ti ní ìjọba ìdàgbàsókè tirẹ̀ láti ọdún 2003. Àwọn Ìlàjẹ wà létí ọ̀sà níbẹ̀, àwọn Ìjẹ̀bú, Èkìtì, Ọ̀yọ́, Ègùn àti Ìgbò sì ń bá ara wọn gbé nínú ilé kan náà, yàrá sí yàrá. Níbi tí èrò ti pọ̀ tó báyìí, Gẹ̀ẹ́sì àti pijin ni ọ̀pọ̀ ọmọ fi ń ṣeré, òun náà ni wọ́n fi ń kọ́ ìwé. Kò sí ẹ̀bi níbẹ̀ rárá, torí ọmọ gbọ́dọ̀ gbọ́ èdè tí ọmọ aládùúgbò rẹ̀ ń sọ. Ṣùgbọ́n inú ilé kan náà yìí ni wọ́n máa ń gbé ìyá àgbà wá láti oko, yálà láti wá bá wọn tọ́jú ọmọ tuntun tàbí láti wá gba ìtọ́jú nílé ìwòsàn. Ìyá kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Yorùbá tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ gbọ́ kò ju “ẹ káàárọ̀” àti “ẹ wá jẹun” lọ.

Ká ní ara ìyá ẹni àádọ́rin ọdún kan kò yá. Ọmọ rẹ̀ ti lọ síbi iṣẹ́, ọmọ-ọmọ ló tẹ̀ lé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Dókítà fi Gẹ̀ẹ́sì bèèrè pé báwo ni ìyá ṣe ń ‘feel’. Ọmọ yíjú sí ìyá, ó ní, “Grandma, kí ló ń ṣe yín?” Ìyá ní, “Àyà ń ta mí, òòyì ń kọ́ mi, ọkàn mi kò sì balẹ̀ láti ọjọ́ tí bàbá yín ti kú.” Ọmọ ronú díẹ̀, ó wá sọ fún dókítà pé ìyá kò ‘feel’ dáadáa. Nǹkan mẹ́ta ni ìyá sọ, dókítà kò sì gbọ́ ìkankan nínú wọn. Dókítà kò ṣẹ̀. Ó lè jẹ́ ọmọ Ìgbò tàbí Hausa, ó sì lè jẹ́ ọmọ Yorùbá tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì tọ́ dàgbà. Ọmọ náà kò purọ́. Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu rẹ̀ ni kò tó ohun tí ìyá rẹ̀ àgbà gbé lé e lọ́wọ́.

Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ọmọ á gbìyànjú láti tú ọ̀rọ̀ náà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ibẹ̀ ni nǹkan ti máa ń dàrú. Bí ìyá bá ní inú òun kò dùn, ìbànújẹ́ ló ń sọ, àmọ́ ọmọ tó mọ ‘inú’ sí ikùn lè sọ fún dókítà pé ikùn ìyá ni kò dára, dókítà á sì kọ oògùn ikùn fún un. Bí bàbá bá ní ojú ń pọ́n òun, ìyà ló ń jẹ ẹ́, bóyá kò tilẹ̀ rówó jẹun. Bí ó bá ní ojú òun pọ́n, ẹyinjú rẹ̀ ló yí àwọ̀ padà. Ìyàtọ̀ kékeré tó wà láàárín gbólóhùn méjèèjì yìí kì í ṣe ohun eré, torí àwọn àgbà mọ ibà kan tí wọ́n ń pè ní ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀, tó máa ń pọ́n èèyàn lójú, tó sì máa ń sọ ìtọ̀ di pupa. Ẹni tó ní i nílò ìtọ́jú kíákíá. Ẹni tí ojú ń pọ́n nílò owó àti oúnjẹ.

Ọ̀rọ̀ ‘dùn’ náà tún wà níbẹ̀. Ọbẹ̀ dùn, inú mi dùn, ẹsẹ̀ ń dùn mí. Adùn ló wà nínú méjì àkọ́kọ́, ìrora ló wà nínú ẹ̀kẹta. Bẹ́ẹ̀ náà ni ‘ó rẹ̀ mí’ lè jẹ́ ti ẹni tó ti oko dé, tí oorun alẹ́ kan yóò wò sàn. Àmọ́ bí wọ́n bá ní bàbá ń ṣàárẹ̀, àìsàn ni wọ́n ń fi ọ̀wọ̀ sọ. Ọmọ tó bá sọ fún nọ́ọ̀sì pé ó kàn rẹ bàbá ni ti fi àìsàn pamọ́ láìmọ̀.

Ibi tí ọrọ̀ èdè Yorùbá ti hàn jù ni orí ọ̀rọ̀ ìrora. Orí nìkan ló ń fọ́ èèyàn báyìí, inú nìkan ló sì ń run èèyàn. Ẹ̀yìn àti eegun àgbà máa ń ro ó, ìyẹn ni ìrora tó wà nísàlẹ̀, tó pẹ́, tí kò lọ bọ̀rọ̀. Egbò tí omi ata kán sí máa ń ta èèyàn. Ohun tó dà bí abẹ́rẹ́ tàbí ẹ̀gún máa ń gún un. Ohun tó dà bí iná máa ń jó o. Awọ ara máa ń yún un. Ẹsẹ̀ tí èèyàn jókòó lé pẹ́, pajápajá á mú un. Ẹni tó bá lo ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí kò tíì sọ ibi tó ń dùn ún nìkan, ó ti sọ irú ìrora tó jẹ́ pẹ̀lú. Bí ìyá bá ní àyà ń ta òun lẹ́yìn oúnjẹ, ọ̀nà kan nìyẹn. Bí ó bá ní àyà ń dùn òun bíi pé wọ́n gbé odó lé e, ọ̀nà mìíràn tí èèyàn kì í fi falẹ̀ nìyẹn, torí ó lè jẹ́ ọkàn tó ń fún ẹ̀jẹ̀ kiri ara ló ní ìṣòro. Bí wọ́n bá pa méjèèjì pọ̀, tí wọ́n ní ìyá ń ‘feel’ ìrora láyà, ìdajì ọ̀rọ̀ ti sọnù.

Àwọn Òyìnbó fúnra wọn mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan kò tó. Ní ọdún 1975, ọ̀jọ̀gbọ́n Ronald Melzack ní Yunifásítì McGill, ní Kánádà, ṣe àkójọ ọ̀rọ̀ 78 tí àwọn aláìsàn fi ń ṣàpèjúwe ìrora ní Gẹ̀ẹ́sì, ó sì pín wọn sí ìsọ̀rí 20. Ìdí tó fi ṣe é ni pé bí ìrora ṣe le tó nìkan kò tó láti mọ̀, ó yẹ kí dókítà mọ bí ó ṣe rí pẹ̀lú. Wọ́n ti tú ìwé ìbéèrè náà sí ọ̀pọ̀ èdè láyé láti ìgbà náà. Ohun tí Melzack ṣa jọ sórí ìwé fún Gẹ̀ẹ́sì, irú rẹ̀ ti wà lẹ́nu àwọn ìyá àgbà Yorùbá tipẹ́. Ta, gún, jó, ro, fọ́, run: ọ̀rọ̀ tí ọmọ ọdún márùn-ún lè kọ́ ni, bí ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ bá wà.

Nítorí náà, àwọn tó ń sọ pé Yorùbá jẹ́ èdè tálákà torí kò ní ‘feel’ ti fi òdì ka ìwé. Ìlú tí gbogbo iṣẹ́ jẹ́ ti ẹnìkan ṣoṣo kọ́ ló lọ́rọ̀, bí kò ṣe ìlú tí alágbẹ̀dẹ wà, tí amọ̀kòkò wà, tí ahunṣọ náà sì wà. Ẹnìkan tún lè sọ pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ káàdì aláìsàn, òun ni wọ́n fi ń kọ oògùn, kí wá ni àǹfààní Yorùbá nílé ìwòsàn? Òótọ́ ni apá kan. Káàdì gbọ́dọ̀ jẹ́ èdè tí dókítà mìíràn lè kà. Àmọ́ ohun tí wọ́n bá kọ sínú káàdì kò lè dára ju ohun tí wọ́n gbọ́ lọ. Ìgbọ́ ló ṣáájú ìwé.

Ọ̀rọ̀ yìí kò bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ní ọdún 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Àró fún àwọn tí ọpọlọ ń dà láàmú. Ohun tó sọ ọ́ di ẹni tí ayé ń gbọ́ nípa rẹ̀ ni pé ó jẹ́ kí àwọn aláìsàn máa gbé láàárín àwọn ará abúlé tó yí Àró ká, pẹ̀lú ẹbí tó tẹ̀ lé wọn wá, kí wọ́n sì máa lọ gba ìtọ́jú láti ibẹ̀. Ó tún bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́ pọ̀. Ẹni tí ẹbí rẹ̀ wà lọ́dọ̀ rẹ̀ kì í wá ògbufọ̀ kiri.

Nígbà tó di ọdún 1961, Lambo àti Alexander Leighton, ọ̀jọ̀gbọ́n láti Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, wọ àwọn abúlé lágbègbè Abẹ́òkúta láti ṣèwádìí nípa àìsàn ọkàn àti ọpọlọ. Ìwé tí wọ́n kọ nípa rẹ̀ jáde ní 1963. Wọ́n kíyè sí i pé kò sí ọ̀rọ̀ Yorùbá kan ṣoṣo tó bá ohun tí àwọn dókítà Òyìnbó ń pè ní ‘depression’ mu rẹ́gí, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn àmì rẹ̀ kò ṣàjèjì sí àwọn ará abúlé. Ẹ̀kọ́ ńlá ló wà níbẹ̀. Ẹni tó bá fi ọ̀rọ̀ Òyìnbó nìkan wá àìsàn yìí kiri á ní kò sí. Ẹni tó bá gbọ́ “ọkàn mi kò balẹ̀,” “oorun kò kùn mí mọ́,” “oúnjẹ kò lọ lẹ́nu mi,” “ayé sú mi,” á rí i níwájú rẹ̀ gbangba.

Àpẹẹrẹ mìíràn ni ti Raymond Prince, dókítà ọmọ Kánádà tó ṣiṣẹ́ ní Àró. Ní ọdún 1960, ó kọ̀wé nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Nàìjíríà tí wọ́n ń ráhùn pé orí ń gbóná àwọn, pé ó dà bí ìgbà tí nǹkan ń rìn nínú orí, pé ojú àwọn ń ṣe bàìbàì, ohun tí àwọn ń kà kò sì wọlé. Wọ́n wá sọ àìsàn náà ní ‘brain fag’ ní Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tó di 1994, orúkọ yẹn wọ ìwé ńlá tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọpọlọ ní Amẹ́ríkà fi ń to orúkọ àìsàn. Nígbà tí wọ́n tún ìwé náà ṣe ní 2013, wọn kò fún un ní àyè tirẹ̀ mọ́. Orúkọ tí dókítà bá sọ àìsàn lè wá, ó sì lè lọ. Ohun tí kò yí padà ni pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yẹn sọ ohun tó ń ṣe wọ́n bí ó ṣe ń ṣe wọ́n, ẹnìkan sì fara balẹ̀ gbọ́ ọ.

Bàrígà tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń ṣẹlẹ̀ náà ní ìtàn tó yẹ kó dójú ti ẹni tó bá ń fojú tín-ínrín èdè yìí. Ibẹ̀ ni ilé ẹ̀kọ́ CMS Grammar School wà láti ọdún 1959, lẹ́yìn tó ti lo ọgọ́rùn-ún ọdún ní Erékùṣù Èkó. Ní 1859 ni wọ́n dá a sílẹ̀, òun ló sì jẹ́ ilé ẹ̀kọ́ girama tó pẹ́ jù ní Nàìjíríà. Ọ̀gá àgbà rẹ̀ àkọ́kọ́, Àlùfáà Thomas Babington Macaulay, ọkọ ọmọ Àjàyí Crowther ni. Crowther yìí ló tẹ ìwé atúmọ̀ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843, ó tún ṣe èyí tó kún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní 1852, ó sì to òwe àti àṣàyàn ọ̀rọ̀ àwọn àgbà sínú rẹ̀ láti fi ìtumọ̀ hàn. Ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ju ọ̀pọ̀ èèyàn ìgbà rẹ̀ lọ, tó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, kò rò pé Gẹ̀ẹ́sì ní kí òun gbàgbé bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ nílé. Méjèèjì ló fọwọ́ mú.

Kí wá ni ṣíṣe? Ìjọba ní tirẹ̀ kò dúró lójú kan. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ìdánwò tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà gbáko nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ náà sì ṣe dáadáa. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin ní 2018 pé kí ilé ẹ̀kọ́ ìjọba àti ti aládàáni máa kọ́ àwọn ọmọ ní Yorùbá. Ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i ní 2022 pé kí wọ́n fi èdè abínibí kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́, àmọ́ nígbà tó di oṣù kọkànlá ọdún 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ kéde pé wọ́n ti fagi lé e, Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa fi kọ́ni. Ẹni tó bá ń retí Àbújá kí ọmọ rẹ̀ tó mọ ìtumọ̀ “òòyì ń kọ́ mi” yóò pẹ́ níbi tó ti ń dúró.

Iṣẹ́ náà wọ́pọ̀ sí ilé. Kò ná òbí ní kọ́bọ̀ láti máa bi ọmọ ní àárọ̀ pé kí ló ń ṣe é, kó sì jẹ́ kó fi Yorùbá dáhùn. Bí ọmọ bá ní òun ń ‘feel’ òtútù, kí wọ́n jẹ́ kó tún un sọ pé òtútù ń mú òun. Kí wọ́n má fi ṣe yẹ̀yẹ́, torí ọmọ tí wọ́n bá fi ṣe yẹ̀yẹ́ kì í tún gbìyànjú mọ́. Àwọn olùkọ́ Yorùbá náà lè gbé ọ̀rọ̀ ara àti ìrora wọ inú iṣẹ́ wọn, torí wọ́n wúlò fún ọmọ ju kó kàn máa há orúkọ oríṣiríṣi gbólóhùn sórí lọ.

Bí ọ̀rọ̀ bá di ti ilé ìwòsàn, kí ẹbí rán àgbàlagbà tó gbọ́ èdè méjèèjì tẹ̀ lé aláìsàn. Bí kò bá sí, kí ìyá tàbí bàbá fi ọwọ́ ara rẹ̀ tọ́ka sí ibi tó ń dùn ún, kó sọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, kó sì sọ ohun tó fi jọ: ṣé bí abẹ́rẹ́ ni, ṣé bí iná ni, àbí bí ẹrù wíwúwo. Ọmọ lè tú ‘abẹ́rẹ́’ àti ‘iná’ láìṣìnà. Ẹni tó wà lábúlé lè ní kí ẹnìkan bá òun kọ ọ́ sínú ìwé kó tó wọkọ̀ wá sí Èkó. Àwọn ilé ìwòsàn náà lè lẹ bébà kan mọ́ ògiri, kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ ìrora bí ogún sí i ní Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì. Nọ́ọ̀sì tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ lè to gbogbo rẹ̀ ní ọ̀sán kan. Dókítà tí kò gbọ́ Yorùbá á wò ó, á nàka sí i, ìyá á sì mi orí.

Ẹnikẹ́ni kò ní kí ọmọ Bàrígà má gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Gẹ̀ẹ́sì ni yóò fi wá iṣẹ́, òun ni yóò fi bá ayé sọ̀rọ̀. Àmọ́ ọjọ́ ń bọ̀ tí yóò jókòó láàárín ìyá rẹ̀ àti dókítà, tí ẹ̀mí ìyá náà yóò sì wà lórí ahọ́n rẹ̀. Lọ́jọ́ náà, ‘feel’ nìkan kò ní tó o. Ẹnu oníkàn la ti ń gbọ́ pọ̀ún, ṣùgbọ́n ẹni tí kò gbọ́ èdè oníkàn kò lè gbọ́ nǹkan kan lẹ́nu rẹ̀.